Tọkọtaya Lójú Ọ̀nà Jíjìn

Nígbà púpọ̀ ni a ti bá yín sọ̀rọ̀ nípa ìtọ́jú ilé, oúnjẹ sísè, ọmọ títọ́, àti bí ọkọ àti aya ṣe lè máa gbé ní ìrẹ́pọ̀ lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo. Ní ọ̀sẹ̀ yìí a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn tọkọtaya tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé wọn pa, tí wọ́n gbé ilé kékeré mìíràn ka orí táyà, tí wọ́n sì ń wa á lọ láàárín aṣálẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí oṣù mẹ́ta. Ní ilẹ̀ Ọsirélíà irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ púpọ̀. Bí ẹnìkan bá béèrè pé, "Kí ni èyí kan àwa tí ń gbé Ìkẹjà àti Agége?" èsì wa ni pé ó kàn wá gidigidi. Ẹ fara balẹ̀ bá wa lọ, ẹ ó sì rí i.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilé tiwa. Ní òpin àwọn ọdún 1950 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní Ìkẹjà fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Agége, tí àwọn àgbà mọ̀ sí ìlú oko obì àti kòkó, wá di ibùgbé àwọn òṣìṣẹ́. Láti Orẹ́gùn dé Agídíngbi, àti láti Ògbà dé gbogbo ẹ̀bá ọ̀nà Agége, ẹ̀rọ púpọ̀ ni kì í sùn ní òru. Ọkọ a máa wọ iṣẹ́ alẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Aya a sì máa jáde ní agogo márùn-ún òwúrọ̀, kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ tó ká a mọ́ ọ̀nà. Bí èkíní ti ń wọlé ni èkejì ń jáde. Ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ kò ju "Ẹ kú iṣẹ́," "Owó oúnjẹ wà lórí tábìlì," àti "Ọmọ kò sùn dáadáa ní àná" lọ. Ọdún a yí po, wọn kì yóò tí ì jókòó pọ̀ fún wákàtí méjì kí oorun má máa kun ọ̀kan nínú wọn. Wọn kò jà, wọn kò sì bínú. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń di àjèjì sí ara wọn nínú yàrá kan náà. Nígbà tí àwọn ọmọ bá dàgbà tí wọ́n sì lọ tán, ọkọ àti aya yóò wá wo ojú ara wọn, ọ̀rọ̀ yóò sì wọ́n láàárín wọn. Àrùn yìí ni a ń wá oògùn rẹ̀.

Nísinsìnyí, kí ni ọkọ̀-ilé tí à ń wí yìí? Mọ́tò ni, tí ó tó bọ́ọ̀sì kékeré. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, àdògán gáàsì wà níbẹ̀, àti fíríjì kékeré, àti tábìlì tí a lè ká mọ́ ara ògiri, àti àgbá omi. Àwọn mìíràn a máa ní ilé náà lọ́tọ̀, wọn a sì so ó mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò wọn bí ìgbín ti í gbé ilé rẹ̀ kiri. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń rin irú ìrìn-àjò yìí ni ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará Ọsirélíà fi ń pè wọ́n ní alárìnkiri elérí ewú. Wọ́n ti fi ogójì ọdún ṣiṣẹ́ tọ́ ọmọ, wọ́n sì wá fẹ́ mọ ẹni tí àwọn bá gbé láti ìgbà náà.

Ilẹ̀ Ọsirélíà tóbi tó Nàìjíríà ní ọ̀nà mẹ́jọ, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò tó mílíọ̀nù 30, nígbà tí àwa lé ní mílíọ̀nù 200. Etí òkun sì ni ọ̀pọ̀ jùlọ wọn ń gbé. Àárín ilẹ̀ náà, èyí tí wọ́n ń pè ní Outback, gbẹ táútáú, ó sì pupa bí osùn. Àwọn ọmọ onílẹ̀, aláwọ̀ dúdú, ti ń gbé inú rẹ̀ láti ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún kí Òyìnbó tó dé, wọ́n sì mọ ibi tí omi wà. Ọ̀nà tí ó là á já láti gúúsù dé àríwá ni Stuart Highway. Láti Port Augusta dé Darwin, ó tó 2,700 kìlómítà. Orúkọ John McDouall Stuart, ẹni tí ó la ilẹ̀ náà já dé òkun àríwá ní ọdún 1862, ni a fi sọ ọ́. Ọdún 1987 ni a sì tó da ọ̀dà sí gbogbo rẹ̀ tán. Ẹni tí ó bá ti Ìkẹjà lọ sí Kánò, tí ó padà wálé, tí ó sì tún gbéra títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Kàdúná, òun ni ó rin irú ọ̀nà yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń lọ sí Kánò a rí Ìbàdàn, a rí Ògbómọ̀ṣọ́, a rí Ìlọrin, a sì rí ọlọ́jà ẹ̀bá ọ̀nà tí ń kígbe "Ra ẹ̀pà, ra ọsàn!" Níbẹ̀, ènìyàn lè rin 200 kìlómítà láìrí ju ilé epo kan ṣoṣo lọ.

Síbẹ̀ ohun ìyanu kò wọ́n lójú ọ̀nà náà. Ìlú kan wà tí ń jẹ́ Coober Pedy, níbi tí a ti rí òkúta iyebíye tí ń jẹ́ opal ní ọdún 1915. Oòrùn ibẹ̀ gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí púpọ̀ nínú àwọn ará ìlú fi gbẹ́ ilé wọn sínú ilẹ̀; ilé ìsìn pàápàá wà nínú ilẹ̀. Bí a bá sì yà kúrò lójú ọ̀nà ńlá kí a tó dé Alice Springs, a ó dé ọ̀dọ̀ Uluru, àpáta pupa tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 348. Àpáta yìí jẹ́ ohun ọ̀wọ̀ fún àwọn Anangu, àwọn tí wọ́n ni ilẹ̀ náà. Ní ọdún 1985 ni ìjọba dá a padà fún wọn. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2019 ni a sì ti fi òfin de gígun orí rẹ̀. Àwa tí ń gun Olúmọ ní Abẹ́òkúta mọ̀ pé àpáta kì í ṣe òkúta lásán lójú àwọn tí ó gbà là. Tọkọtaya tí ó bá dé Uluru, ìsàlẹ̀ ni wọn a dúró sí, wọn a máa wò ó bí àwọ̀ rẹ̀ ti ń yí padà nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Àwọn ilẹ̀ mìíràn sì wà níbẹ̀ tí àlejò kò gbọdọ̀ gbà kọjá láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àlejò ti í kọ́kọ́ kí baálẹ̀ ní ilẹ̀ tiwa.

Ìrìn ọjọ́ kan kò ní wàhálà púpọ̀. Wọn a gbéra lẹ́yìn tí ojú bá ti mọ́ dáadáa, wọn a sì dúró kí oòrùn tó wọ̀, nítorí ní ìdájí àti ní àṣálẹ́ ni ẹranko kangaroo ń fò sójú ọ̀nà, ẹni tí ó bá sì kọlù ú lè pàdánù ọkọ̀ àti ẹ̀mí. Wọn a yà fún àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí gígùn wọn lè lé ní mítà 53, bí tírélà mẹ́ta tí a so pọ̀ mọ́ ara wọn. Ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀kan a gbé àga síta, èkejì a dá iná oúnjẹ. Kò sí ariwo ẹ̀rọ, kò sí aládùúgbò, ìròyìn kì í sì í tètè dé ibẹ̀. Ìràwọ̀ nìkan ni ó kù, àti ẹni tí a jọ jókòó. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé fàájì nìkan ni. Ilẹ̀ náà a máa pa ènìyàn. Ní òpin ọdún 1963, ìdílé kan, bàbá, ìyá, àti ọmọkùnrin wọn mẹ́ta, gba ọ̀nà aṣálẹ̀ tí ń jẹ́ Birdsville Track ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn tí oòrùn mú jùlọ. Wọ́n ṣìnà, epo sì tán nínú mọ́tò wọn. Wọ́n fi mọ́tò sílẹ̀, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rìn. Òùngbẹ pa gbogbo wọn. Àwọn márààrún ni ó kú. Títí di òní, ohun tí àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ ń tẹnu mọ́ fún gbogbo arìnrìn-àjò ni pé, bí ọkọ̀ yín bá dákú, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀. Òjìji rẹ̀ yóò bò yín, omi yín wà nínú rẹ̀, ẹni tí ń wá yín láti ojú ọ̀run yóò sì tètè rí ọkọ̀ ju bí yóò ti rí ènìyàn méjì lọ. Ẹ sì sọ fún ẹnìkan kí ẹ tó gbéra pé ọjọ́ báyìí ni ẹ ó dé ibi báyìí, kí ó lè figbe ta bí ẹ kò bá dé.

Níhìn-ín a kò lè ṣàì dárúkọ òjíṣẹ́ ìjọ Presbyterian kan tí ń jẹ́ John Flynn. Láti ọdún 1912 ni ó ti jẹ́ olórí iṣẹ́ ìhìnrere ní àárín ilẹ̀ náà, ó sì rí i pé àìsàn tí kò yẹ kí ó pa ènìyàn ń pa wọ́n, nítorí pé dókítà jìnnà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1928, ọkọ̀ òfuurufú àkọ́kọ́ gbé dókítà gbéra láti ìlú Cloncurry. Ní ọdún kejì rẹ̀ ni Alfred Traeger ṣe rédíò kan tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ bí ẹni ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, kí obìnrin tí ó wà lóko, tí kò ní iná mànàmáná, lè ránṣẹ́ pe dókítà. Iṣẹ́ yìí ṣì wà di òní lábẹ́ orúkọ Royal Flying Doctor Service, a sì ti kun àmì sí ojú àwọn ọ̀nà kan kí ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ lè balẹ̀ sórí ọ̀nà náà gan-an.

Ṣùgbọ́n ewu kan wà tí dókítà òfuurufú kò lè wò, èyíinì ni àìgbọ́ra-ẹni-yé. Nínú yàrá tí gígùn rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bíi mélòó kan lọ, kò sí ibi tí ẹni tí inú ń bí yóò sá gbà. Ní ilé, ọkọ lè jáde lọ bá ọ̀rẹ́, aya lè wọ ilé ìdáná lọ. Nínú aṣálẹ̀, àwọn méjèèjì ni yóò tún jókòó sí iwájú ọkọ̀ kan náà ní òwúrọ̀. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí a ti parí ọ̀rọ̀ mẹ́ta kí táyà tó yí: ta ni yóò wa ọkọ̀, nígbà wo, ta ni yóò mú owó, àti ọ̀rọ̀ ta ni yóò dá ọkọ̀ dúró. Lórí èyí tí ó kẹ́yìn, ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí ọ̀rọ̀ ẹni tí ẹ̀rù kọ́kọ́ bà borí. Bí aya bá wí pé omi kò tó, kí ọkọ má ṣe wí pé, "Èmi ni mo mọ ọ̀nà." Bí ọkọ bá wí pé oorun ń kun òun, kí aya má ṣe wí pé ó kù díẹ̀ kí a dé. Ẹ sì jẹ́ kí a sọ òótọ́ yìí fún ara wa: nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ọkọ ni ó mọ ọkọ̀ wà, aya kò sì jókòó sí ìdí ọkọ̀ rí. Bí àìsàn bá dá irú ọkọ bẹ́ẹ̀ dùbúlẹ̀ lójú ọ̀nà, kí ni aya yóò ṣe bí kò ṣe kí ó máa sunkún tì í? Ẹni tí ó kọ́ aya rẹ̀ ní ọkọ̀ wíwà, ẹ̀mí ara rẹ̀ ni ó fi pamọ́ sí ọwọ́ rere.

Àwọn kan lè wí pé àṣà Òyìnbó ni gbogbo èyí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn bàbá àti ìyá wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìnísà àti Èjìgbò ti ń bá ara wọn rìn lọ sí Gold Coast nígbà tí ọ̀nà kò tí ì rí bí ó ti rí lónìí. Orí ẹrù nínú ọkọ̀ akẹ́rù ni ẹní wọn, ìkòkò wọn àti ọmọ wọn wà. Ọkọ a pàtẹ tirẹ̀ ní ọjà Kumasi, aya a pàtẹ tirẹ̀, wọn a sì ka owó pọ̀ ní alẹ́. Nígbà tí òfin ìjọba Ghana ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé jáde, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó tún jọ dì ẹrù tí wọ́n sì jọ padà wálé pẹ̀lú òfo ọwọ́. Tọkọtaya tí ó ti jọ la irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ já kì í tètè túká. Àwọn ará Èjìgbò ṣì ń lọ sí Abidjan di òní olónìí.

Ní àkókò tiwa pẹ̀lú, ọmọ Nàìjíríà kò bẹ̀rù ọ̀nà. Newton Jibunoh nìkan wa mọ́tò kékeré la aṣálẹ̀ Sàhárà já láti London dé Èkó ní ọdún 1966. Ohun tí ó rí níbẹ̀ sì mú un di ẹni tí ń bá aṣálẹ̀ jà ní àríwá ilẹ̀ wa nípa igi gbígbìn. Kúnlé Adéyanjú gun alùpùpù láti London dé Èkó ní ọdún 2022, ó sì lo ọjọ́ 41, kí ó lè kó owó jọ fún òpin àrùn rọpárọsẹ̀. Ní ọdún 2024, Pẹ̀lúmi Nubi, ọ̀dọ́mọbìnrin, nìkan wa mọ́tò kékeré láti London, ó kúrò níbẹ̀ ní òpin oṣù kìíní, ó sì dé Èkó ní ọjọ́ keje oṣù kẹrin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjàm̀bá ọkọ̀ bá a ní Côte d'Ivoire. A yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ìgboyà ẹni tí ó nìkan rìn yàtọ̀ sí sùúrù àwọn méjì tí ó jọ rìn.

Kí ni kí tọkọtaya Ìkẹjà àti Agége wá ṣe? A kò wí pé kí wọ́n ra ọkọ̀-ilé. A kò sì wí pé kí ẹnikẹ́ni sun ẹ̀bá ọ̀nà ní ilẹ̀ wa, nítorí kò sí ààbò níbẹ̀. Àmọ̀ràn wa nìyí:

Èkíní, ẹ gba ìsinmi yín ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún òṣìṣẹ́ tí ó ti lo oṣù méjìlá ní ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, ó kéré tán, pẹ̀lú owó iṣẹ́ rẹ̀. Bí ọkọ bá gba tirẹ̀ ní oṣù kẹrin tí aya sì gba tirẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, ìsinmi ni wọ́n gbà, wọn kò gba ara wọn. Ẹ tètè sọ fún ọ̀gá yín kí ọdún tó jìnnà.

Èkejì, ẹ dá àjọ rẹ̀. Owó kékeré tí a bá ń fi sọ́tọ̀ lóṣooṣù kì yóò ni ilé lára. Ìrìn-àjò tí a fi gbèsè rìn, ìjà ni yóò bí.

Ẹ̀kẹta, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí ó súnmọ́. Abẹ́òkúta kò tó 100 kìlómítà sí wa. Àgbádárìgì wà níbẹ̀, Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ sì wà níwájú. Ẹni tí kò ní mọ́tò lè wọ ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀ Agége lọ sí Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn, láti ìgbà tí ọ̀nà irin tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2021. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lè gba Ìdíìrókò wọ ilẹ̀ Benin, kí ó sì bá àwọn ará wa ní Pọ́bẹ̀ àti Kétu sọ èdè Yorùbá. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún wa ní àyè láti ṣe àlejò níbẹ̀ fún 90 ọjọ́ láìgba físà, bí ìwé ìrìnnà wa bá pé.

Ẹ̀kẹrin, ẹ yẹ ọkọ̀ wò, pàápàá táyà. Ìkẹjà yìí kan náà ni a ti ń ṣe táyà Dunlop títí di ọdún 2008. Nísinsìnyí, àlòkù tí ó ti òkè òkun wá ni ọ̀pọ̀ ń rà. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà dáadáa: nọ́ńbà mẹ́rin wà níbẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún tí a ṣe é. Bí ẹ bá rí 2312, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2012 ni. Ó ti gbó, bí ó tilẹ̀ ń dán. Ẹ gbé omi mímu, omi rédíétọ̀ àti búrẹ́dì Agége sínú ọkọ̀, kí ẹ sì dé ibi tí ẹ ó sùn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ fi ọmọ sí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n tí ẹ fọkàn tán, ẹ sì ti fóònù mọ́ àpò, àyàfi nígbà tí ẹ bá fẹ́ béèrè àlàáfíà wọn. Bí ọ̀rọ̀ kò bá tètè wá ní ọjọ́ kìíní, ẹ má ṣe fòyà. Ẹni tí ó ti dákẹ́ fún ọdún márùn-ún kò lè di ẹlẹ́nu dídùn kí ọkọ̀ tó kọjá Sángo Ọ̀tà.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé, "Owó ilé ìwé kò tí ì tó, ẹ ń sọ ti ìrìn-àjò." Ọ̀rọ̀ wọn ní ìwúwo, a kò sì fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ṣùgbọ́n a bi wọ́n léèrè: àwọn ọmọ tí a ń san owó ilé ìwé fún, irú ilé wo ni wọ́n ń wò dàgbà? Ọmọ tí kò rí i kí bàbá àti ìyá rẹ̀ jọ rẹ́rìn-ín rí, iyebíye kan ti ṣòfò lọ́wọ́ rẹ̀ tí olùkọ́ kò lè fi rọ́pò.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọkọ, ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí irun yín bá funfun kí ẹ tó mọ ẹni tí ẹ fẹ́. Ẹ̀yin aya, ẹ má ṣe jẹ́ kí iṣẹ́ ilé gba ipò ẹlẹ́gbẹ́ yín. Bí ọ̀nà bá gbóná, bí nǹkan bá bàjẹ́, ìkìlọ̀ aṣálẹ̀ náà ni kí ẹ rántí: ẹ dúró ti ọkọ̀, kí ẹ sì dúró ti ara yín. Ẹ ó lọ ire, ẹ ó sì bọ̀ ire.